Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtàn sójà Sófíẹ́ẹ̀tì wo ni kí n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi?

Tísà Ìtàn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. A ti dé orí Ogun Àgbáyé Kejì ní SS2. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìgbésí ayé ẹnì kan dáadáa nínú àwọn tó gba oyè Akọni Sófíẹ́ẹ̀tì, oyè tó ga jù ní Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba àpapọ̀ Rọ́ṣíà àtijọ́. Ta ni ẹ máa yàn? Mi ò fẹ́ ìtàn iye èèyàn tó pa nìkan.

Àjọkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, Lyudmila Pavlichenko ni tèmi. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́ ní Yunifásítì Kiev nígbà tí Jámánì ya wọ Sófíẹ́ẹ̀tì ní 1941. Ó gbé ìbọn, ó jà ní Odessa àti Sevastopol. Àkọsílẹ̀ ní ó pa sójà 309. Nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1942, ọ̀rọ̀ àtíkè àti síkẹ́ẹ̀tì làwọn oníròyìn ń bi í! Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí.

Bàbá Kọ́lá: Àjọkẹ́, o ṣeun, àmọ́ 309 yẹn náà làwọn ọmọ máa dì mú. Tísà, Alexey Maresyev, awakọ̀ bàlúù ogun, ni kí ẹ mú. Ní April 1942, bàlúù rẹ̀ já sínú igbó nítòsí Staraya Russa ní Rọ́ṣíà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ṣèṣe gan-an. Ọjọ́ 18 ló fi wọ́ ara rẹ̀ nínú yìnyín, tó ń jẹ èpo igi àti èso igbó. Àwọn ọmọdékùnrin abúlé Plav ló rí i. Ní Moscow, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ orúnkún. Kò tíì pé ọdún 26! Ó ní òun máa padà fò. Ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn: ẹsẹ̀ ni awakọ̀ bàlúù fi ń tẹ pẹ́dà tó ń darí ìrù rẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kì í sì í mọ̀ ọ́n lára pé òun ti kan nǹkan. Ó kọ́ ọ títí wọ́n fi gbà fún un. Ní 1943, ó já bàlúù Jámánì lulẹ̀ ní Kursk, wọ́n sì fún un ní Ìràwọ̀ Wúrà, àmì ẹ̀yẹ oyè Akọni Sófíẹ́ẹ̀tì, ní August.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbàgbé Mariya Oktyabrskaya. Ogun pa ọkọ rẹ̀, ó ta ẹrù rẹ̀, ó fi owó náà ra táǹkì ogun T-34, ó kọ̀wé sí Stalin, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, pé òun lòun máa wà á. Wọ́n gbà. Ní January 1944, ó sọ̀kalẹ̀ lójú ìjà láti tún ṣéènì táǹkì náà ṣe, àfọ́kù bọ́ǹbù bá a lórí. Kò yè é.

Tísà Ìtàn: Ẹ ṣé o. Maresyev ni mo mú, Mariya á tẹ̀lé e. Bàbá, ṣé Maresyev pẹ́ láyé?

Bàbá Kọ́lá: Ó pẹ́ gan-an. May 2001 ló kú, ó ku ọjọ́ méjì kó pé ẹni ọdún 85. Ẹ gbé máàpù dání, kí wọ́n wá Staraya Russa fúnra wọn.