Ìtàn ìṣẹ̀dá ayé: ṣé omi tó wà nínú gbogbo wọn ti tó láti pè wọ́n ní ọ̀kan?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ kíláàsì kan ní Ìbàdàn níbí ń fi ìtàn ìṣẹ̀dá wa wé ti Bábílónì, ti Japan àti ti àwọn Iroquois ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ya tébù, wọ́n kọ "omi" sí ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní in, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé ìtàn kan náà ni gbogbo wọn. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ló yẹ kí wọ́n máa wò?

Alágbàlá Bódìjà:
Iṣẹ́ tí omi ń ṣe ni kí wọ́n kọ. Ní Bábílónì, omi iyọ̀ gan-an ni Tiamat, ìyá àwọn òrìṣà. Òrìṣà mìíràn, Marduk, pa á, ó là á sí méjì bí ẹni la ẹja gbígbẹ, ó fi apá kan ṣe ọ̀run. Omi tiwa ò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn tẹ́ lọ bẹẹrẹ ni. Ní Japan, òrìṣà ọkùnrin Izanagi àti obìnrin Izanami dúró lórí afárá ọ̀run, wọ́n ki ọ̀kọ̀ bọ omi, wọ́n rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Iyọ̀ tó kán ní ṣóńṣó ọ̀kọ̀ ló ṣù di erékùṣù Onogoro.

Ìlà kejì: níbo ni erùpẹ̀ ti wá? Ti Iroquois, ẹranko kékeré kan tó jọ eku ló rì wọ ìsàlẹ̀ omi lọ bu ẹrẹ̀, wọ́n fi lé ẹ̀yìn ìjàpá omi. Tiwa, òkè ọ̀run ló ti wá, nínú ìkarahun ìgbín. Àwọn kan máa ń da méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó rì sómi nínú tiwa.

Ìlà kẹta: ta ló yẹ ilẹ̀ wò? Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tan erùpẹ̀ tán, agẹmọ wá. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní ilẹ̀ fẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ. Ẹ fi àwọn Cherokee, ẹ̀yà mìíràn ní Amẹ́ríkà, kún un: àwọn náà rán ẹyẹ lọ wò ó, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Nígbà tó kan igún ńlá, ó rẹ̀ ẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Ibi tó gbá di àfonífojì, ibi tó ti gbé e sókè di òkè.

Ẹlẹ́mu Ọ̀jẹ̀:
Ìlà kan ṣẹ́ kù tó dùn jù lójú tèmi: kí ló bàjẹ́? Ní Japan, Izanami ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà ìgbéyàwó, ni ọmọ wọn Hiruko ò bá dára. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ eèsún, omi gbé e lọ. Ẹ wá wo Súmérì, ilẹ̀ àtijọ́ kan lágbègbè Bábílónì. Òrìṣà méjì, Enki àti Ninmah, mu ọtí ọkà níbi àsè, Ninmah fi amọ̀ mọ àwọn èèyàn tí ara wọn ò pé. Enki sì wá iṣẹ́ fún wọn. Ó sọ afọ́jú di olórin. Ta ni kò ní rántí Ọbàtálá àti ẹmu, àti abuké, arọ, àfín tí à ń pè ní ẹni òrìṣà? Àmọ́ ìdíje ni ti Súmérì. Tiwa bí èèwọ̀: olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu.

Ẹ má po ẹ̀dà ìtàn pọ̀ o. Nínú ọ̀kan, Ọbàtálá dá ilẹ̀ parí. Nínú èkejì, ó mu ẹmu sùn lọ, Odùduwà gbé ẹrù náà lọ ṣe é. Bí wọ́n bá kó méjèèjì sínú òpó kan, tébù á máa ta ko ara rẹ̀. Òpó méjì ni kí wọ́n fún wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọdún sókè rẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọmọ kan ní ìkarahun inú oríkì Ìbàdàn wa, "ọmọ a fi ìkarahun fọ́rí mu," ni ti Ọbàtálá.

Alágbàlá Bódìjà:
Rárá o. Ti Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó àtàwọn èèyàn rẹ̀ lórí òkè nìyẹn, ohun ìjẹun ni. Ìtẹ̀dó ìlú ni, ayé ti wà. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ibi tí ìtàn kan ò bá sì ní nǹkan, bíi ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò ní Japan, kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀.