Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí ẹ̀ka bàyọ́lọ́jì

Ẹ kú àdúrótì mi. Èmi ni mo béèrè lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn bóyá kí n fi bàyọ́lọ́jì sílẹ̀, torí àkọ́sórí lásán ti sú mi. Ẹ ní kí n lọ bá olùkọ́ tó ń ṣèwádìí. Mo lọ, ó sì mú mi mọ́ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ẹja.

Ní báyìí, tó bá di àárọ̀ Sátidé, ọjà Olúwò ní Ẹ̀pẹ́ ni mo máa ń wà, tí mo ń ra orí ẹja ọ̀bọ̀kún. “Ọmọ mi, orí nìkan?” làwọn ìyá wa máa ń bi mí. Òkúta kékeré inú etí ẹja la ń yọ nínú orí yẹn, kò tó hóró àgbàdo. Tí a bá gé e, tí a sì fi í sábẹ́ máíkírósíkóòpù, òrùka inú rẹ̀ la fi ń ka ọjọ́ orí ẹja. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí òrùka yẹn, omi bọ́ lójú mi.

Mi ò fi bàyọ́lọ́jì sílẹ̀ mọ́. Ẹ ṣeun gan-an.