Ṣé gáàsì éésì máa ń tán ni, àbí ó ń jò?

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ẹ̀rọ amúlétutù, ìyẹn éésì, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé kí a pa orúkọ náà tì, kí a máa pè é ní "akóorujáde", nítorí pé kì í mú òtútù wá láti ibì kankan, ooru inú ilé ló ń kó síta. Èkejì ni pé kí a kọ "gáàsì ti tán" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àìsàn éésì tí kò mú ilé tutù mọ́, nítorí pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń wí nìyẹn.

Lórí ti àkọ́kọ́, n kò ní sọ púpọ̀. Ohun tí ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ náà ń rí gbà ni "amúlétutù" ń sọ, kò sì parọ́. Bí a bá ní kí a máa fi ìmọ̀ físíìsì yẹ orúkọ wò, "asọ̀rọ̀mágbèsì" náà yóò bọ́ lẹ́nu wa, nítorí rédíò fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀.

Èkejì ni mo tako. "Tán" ń sọ pé a ti lo nǹkan títí kò fi kù: owó tán, epo tán, gáàsì ìdáná tán nínú sílíńdà nítorí pé iná ti jó o. Gáàsì éésì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú páìpù bàbà tí a dí pa ló ń yí po: kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná, á da ooru rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ìta, á di olómi, á sì padà sínú ilé lọ gba ooru mìíràn, bí alábàárù tó já ẹrù sílẹ̀ tó tún ń padà sọ́jà lọ́wọ́ òfo. A kì í lò ó tán. Bí ó bá dín, ó jò ni.

Ọ̀rọ̀ gírámà nìkan kọ́, owó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé gáàsì tán yóò ra òmíràn sí i, yóò sì tún rà á nígbà tó bá yá. Ẹni tó gbọ́ pé ó jò yóò béèrè pé níbo. Ẹ̀ńjíníà yóò wá wo oríkèé páìpù níta, bóyá epo ti rin ibẹ̀ tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé epo kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì jáde. Yóò fi omi ọṣẹ ra ojú nọ́ọ̀tì, ibi tí ó bá sì ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Ìgbà mìíràn sì wà tí gáàsì kò dín rárá. Asẹ́ inú ilé lè ti kún fún eruku, eruku ọyẹ́ lè ti dí ara ẹ̀rọ ìta, kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń fi iná ran fáànù lọ́wọ́ láti yí, lè ti bàjẹ́ tí fáànù ìta kò fi yí mọ́, tàbí kí iná ìjọba má tó gbé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Gbogbo èyí ni "gáàsì ti tán" ń gbé mì. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń rí yìnyín lára páìpù, á ní éésì òun "ń tutù jù", bẹ́ẹ̀ yìnyín yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Asẹ́ tó dí lè fà á, gáàsì tó dín náà lè fà á. Mo dábàá pé kí "éésì dì" ní àyè tirẹ̀ nínú àkójọ wa.

Ó ku "gáàsì" fúnra rẹ̀, tó ń mú wa rántí sílíńdà ìdáná. Oríṣiríṣi ni gáàsì éésì. R-22, tí wọ́n ń fi Àdéhùn Montreal ti 1987, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ìpele ozone ojú ọ̀run, lé kúrò lójà, R-410A àti R-32 kò ṣeé fi rọ́pò ara wọn; agbára tí R-410A fi ń ti páìpù ju ti R-22 lọ dáadáa, R-32 sì lè gbiná. Èyí tí éésì ń lò wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìta. Kí orúkọ kan lè kó gbogbo wọn pọ̀, mo dá "agbóoru" lábàá, láti inú "gbé ooru", bí "gbé ọmọ" ṣe di "gbọ́mọ". Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fi gbọ́mọgbọ́mọ rẹ́rìn-ín. Kí àwọn ẹ̀ńjíníà máa pè é ní gáàsì lẹ́nu iṣẹ́, kò burú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "agbóoru" lọ, n óò gbà á. "Tán" ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi "jò" rọ́pò.