Ibi tọ́rọ̀ ètò ìdánrawò chess mi já sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá wákàtí 4 lójúmọ́ ò pọ̀ jù fẹ́ni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tó sì fẹ́ mọ chess ta dáadáa.

Ó pọ̀ jù o. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 3 ó ti sú ọpọlọ mi, mo kàn ń sáré ṣe puzzle (ìṣòro chess téèyàn máa wá ojútùú ẹ̀) lọ láì ronú, ni mo bá gé e sí wákàtí 2, ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀. Láàárọ̀, puzzle 15 péré, àmọ́ mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tí mo bá ti rí i dópin nínú orí mi. Lálẹ́, géèmù 1, ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, màá wá kọ ibi tí mo ti ṣì í sílẹ̀ fúnra mi kí n tó tan engine, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ géèmù wò. Èyí ló kọ́ mi jù, torí engine á sọ ohun tó dáa jù fún ẹ, kò ní sọ ìdí tó o fi ro òmíì.

Ẹni tó ní kí n lọ kọ́ Lucena, ìyẹn ọgbọ́n téèyàn fi ń borí lópin géèmù tó bá ku rook àti pawn (ọmọ ayò tó kéré jù) sọ́wọ́ ẹ̀, tó sì ku rook nìkan sọ́wọ́ alátakò, ẹ ṣé gan-an ni! Lọ́sẹ̀ tó kọjá pawn mi ku ilé 1 kó di queen, ọba mi wà níwájú ẹ̀, mo gbé rook sí ìlà kẹrin bẹ́ ẹ ṣe wí, rook yẹn ló bá mi dí gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì (ìkọlù sí ọba mi) tó ń bọ̀, mo wọlé. Tẹ́lẹ̀, ọ̀mì ni mo máa ń fi irú ẹ̀ ta, inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn.

Opening (bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ géèmù) ṣì kù, ìyẹn á dúró ná. Mo ti rí ìdáhùn mi, ẹ ṣeun gbogbo yín.