Ìkànnì wo ni ọmọ wa lè gbọ́kàn lé fún iṣẹ́ àṣetiléwá?

Ìyá Aláṣọ, Ìlọrin

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Aṣọ ni mo ń tà, SS3 ni mo sì ti dáwọ́ ìwé kíkà dúró. Ọmọ mi obìnrin wà ní JSS1. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n lọ ṣe ìwádìí lórí orin orílẹ̀-èdè wa: ta ni ó ṣe é, ìgbà wo ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo ra dátà, mo gbé fóònù mi fún un, mo sì padà sídìí aṣọ tí mo ń ká. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi parí iṣẹ́ náà, ojú ìwé méjì gbáko, lẹ́tà rẹ̀ sì dùn ún wò. Ó kọ ọ́ pé "Arise, O Compatriots" ni orin náà, pé 1978 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àti pé òun ni à ń lò títí di òní. Nígbà tí ìwé padà dé, olùkọ́ ti fi bíìrò pupa fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Orin wo ni ẹ ń kọ lórí ìlà láàárọ̀?"

Ohun tí ó dùn mí jù nìyẹn. Ọmọ yìí kan náà ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ "Nigeria, We Hail Thee" ní ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀, síbẹ̀ ó gba fóònù gbọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Màámi, Google ló sọ bẹ́ẹ̀."

Iṣẹ́ mìíràn ti tún dé báyìí, Odò Ọya ni wọ́n ní kí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni wọn yóò sì gbà á. Ìkànnì kan ní gígùn odò náà jẹ́ kìlómítà 4,180, òmíràn ní 4,200. Ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè 5 ni ó kàn, òmíràn ní 9. Ẹ jọ̀wọ́, ìkànnì wo ni ẹ fi ọkàn tán fún àwọn ọmọ tiyín, báwo sì ni irú èmi tí kò kàwé púpọ̀ ṣe lè dá èyí tí ó dára mọ̀? Ẹ rántí pé dátà kì í ṣe omi òjò.

Tíṣà Ìtàn, Abẹ́òkútà

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ó rò pé òpè ni òun, nítorí ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó kà jẹ́ òótọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. "Nigeria, We Hail Thee" ni a fi gba òmìnira ní 1960. Lillian Jean Williams, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Frances Benda sì ni ó ṣe ohùn orin rẹ̀. Ní 1978 ni ìjọba ológun fi èkejì rọ́pò rẹ̀, kí Ààrẹ Tinubu tó buwọ́ lu òfin tí ó dá ti àkọ́kọ́ padà ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2024. Ẹni tí ó kọ ojúewé tí ọmọ yín rí lè ti kọ ọ́ tipẹ́tipẹ́, kí ó sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ bí kàlẹ́ńdà àná tí a kò yọ kúrò lára ògiri. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n tó ka ìlà kan, kí wọ́n wá ọjọ́ tí a kọ ọ́ tàbí tí a tún un ṣe kẹ́yìn, àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Bí méjèèjì kò bá sí, kí wọ́n kọjá lọ. Ọmọ kan ti ka ìpínlẹ̀ 30 fún mi rí, tí Èkìtì kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Èkìtì ti wà láti 1996.

Ní ti Odò Ọya, kí ó fetí sí irú ọ̀rọ̀ tí ìkànnì náà ń lò. Èyí tí ó bá sọ pé Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, ni ó "ṣàwárí" odò náà, kí ó fura sí i díẹ̀. Ní oṣù Keje 1796 ni Park dé etí odò náà ní Ségou, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali lónìí, ó sì bá ìlú ńlá àti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi níbẹ̀. Ohun tí àwọn òyìnbó kò mọ̀ ni ibi tí odò náà ń ṣàn lọ. Ìrìn àjò kejì tí ó lọ wá a ni ó kú sí ní Bussa, ní ilẹ̀ Nàìjíríà òde òní, ní 1806. Richard àti John Lander, ọmọ ìyá méjì, ni ó wa ọkọ̀ láti Bussa títí dé òkun ní 1830. Ìkànnì tí ó bá ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ ti ronú kí ó tó kọ̀wé. Ní àfikún, Kwara tí í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀ yín gan-an, odò yìí kan náà ni àwọn Hausa fi ń pè. Ọmọ yín lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní ná an ní dátà kankan.

Bàbá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí mo wà, BBC Bitesize ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń dárúkọ fún wa. Ó dára gan-an fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ṣùgbọ́n ìlànà ẹ̀kọ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń tẹ̀ lé, nítorí náà kí ẹ má retí ìtàn ilẹ̀ wa níbẹ̀, àwọn fídíò rẹ̀ kan kì í sì í ṣí fún ẹni tí ó wà lókè òkun. Fún ìṣirò, Khan Academy ni àwọn ìbejì mi fẹ́ràn jù. Ọ̀fẹ́ ni láti òkè dé ilẹ̀. Britannica náà ní ẹ̀ka kan fún àwọn ọmọdé, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọn yóò béèrè kí ẹ tó ka àwọn kan tán. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé Google ni ó ni Kiddle, ìkànnì tí àwọn ọmọdé fi ń wá nǹkan, nítorí bí ó ṣe jọ ọ́. Kì í ṣe ti Google rárá.

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé, Ìbàdàn

Nọ́ńbà méjì tí ẹ rí fún iye orílẹ̀-èdè kò bá ara wọn jà. Guinea ni odò náà ti ṣẹ̀, ó gba Mali àti Niger kọjá, ó fara kan ààlà Benin, kí ó tó wọ Nàìjíríà, márùn-ún nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn odò kéékèèké tí ń wọ inú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ mìíràn wá, ìdí sì nìyẹn tí orílẹ̀-èdè 9 fi wà nínú àjọ tí ń bójú tó o, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Niamey. Ọmọ tí ó bá kọ méjèèjì sílẹ̀, tí ó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kà, kò sí olùkọ́ tí yóò fi bíìrò pupa kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí Wikipedia, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò padà lọ. Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè tún un kọ, ìyẹn ni àwọn olùkọ́ fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ wo àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí ó wà ní ìparí gbólóhùn: bí ẹ bá tẹ ọ̀kan, yóò gbé yín lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ibẹ̀ ni kí ọmọ lọ, ibẹ̀ náà sì ni kí ó dárúkọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tí kò ní nọ́ńbà kankan lẹ́yìn, kí ó fi sílẹ̀ bí kò bá rí i níbòmíràn.

Ẹ tún wo ìparí àdírẹ́sì. Èyí tí ó parí sí .gov.ng, ti ìjọba ni; .edu.ng, ti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àmọ́ .com àti .org, ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ ni yóò rà á. Bí ẹ bá sì wá nǹkan lórí Google, ìdáhùn tí ẹ̀rọ kó jọ fúnra rẹ̀ lè kọ́kọ́ yọ lókè, tàbí ìpolówó tí a sanwó fún. Mo fura pé irú ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń dúró sí. Kí wọ́n fà á sísàlẹ̀.

Atúnfóònùṣe, Òṣogbo

Màmá, ẹ kú ọjà. Lórí ọ̀rọ̀ dátà tí ẹ sọ, áàpù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kiwix, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá rí ibi tí Wi-Fi wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ lè fi gba odindi Wikipedia sórí fóònù, kí ọmọ sì máa kà á láìsí dátà. Ẹ má gba ti Gẹ̀ẹ́sì tó ní àwòrán o, fóònù yín kò ní gbà á. Ẹ mú èyí tí kò ní àwòrán tàbí èyí tí wọ́n ṣà jọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ti Yorùbá náà wà, kò sì tóbi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ojúewé inú rẹ̀ kò ju ìlà méjì mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ rántí ohun tí Tíṣà sọ: èyí tí ẹ bá ti gbà sórí fóònù kì í yí padà mọ́. Àkójọ fún ilé ìwé tí mo sọ yẹn, 2013 ni wọ́n ṣe é, nítorí náà orin ti tẹ́lẹ̀ ni ẹ óò bá níbẹ̀.

Ìyá Àgbà, Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì

Gbogbo yín ń dárúkọ ìkànnì, kò sí ẹni tí ó dárúkọ ìwé tí òbí rẹ̀ ti rà fún un. Kí ó kọ́kọ́ ṣí ìyẹn.

Ìyá Aláṣọ, Ìlọrin

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ìyá wa, mo júbà, mo sì ṣe bí ẹ ṣe wí. Ìwé Social Studies rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Orin 1978 ni ó wà nínú rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé tí ó fi ń ṣe iṣẹ́. Ẹ̀yìn ìwé tí olùkọ́ fi bíìrò pupa kàn gan-an!

Lálẹ́ àná, èmi àti ọmọ jókòó ti fóònù pọ̀. Ó ń wá ọjọ́ lórí ojúewé kọ̀ọ̀kan, èmi ń wo ìparí àdírẹ́sì. A ju mẹ́ta nù, a fi méjì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè 5 àti 9 ti yé e dáadáa, ó ti ya máàpù rẹ̀. Ibi tí ó ti mú mi ni gígùn. Ó ní, "Màámi, ta ló wọ̀n ọ́n tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ?" N kò rí ohun kan sọ.

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé, Ìbàdàn

Ìbéèrè ọmọ yín dára ju èyí tí olùkọ́ fún un lọ. Àwọn kan fi díẹ̀ kún nọ́ńbà kí ó lè rọrùn láti rántí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, odò kì í ṣe títì: ó ń ṣẹ́ kọ́nà, ibi tí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n àti iye kọ́nà tí ẹ bá tẹ̀ lé ni yóò sọ ohun tí ẹ óò rí. Òwú ò wọ́n yín. Ẹ tẹ́ ìwé máàpù sílẹ̀, kí ó fi òwú tẹ̀ lé odò náà láti Guinea dé òkun, kí ó nà án, kí ó sì fi ìlà ìwọ̀n tó wà ní ìsàlẹ̀ máàpù náà wọ̀n ọ́n.

Ìyá Aláṣọ, Ìlọrin

A ti ṣe é. Òwú funfun ni a lò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó já. Máàpù wa kéré, ó gé gbogbo kọ́nà kúrú, ìwọ̀n tiwa kò sì ju 3,600 lọ. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ lábẹ́ 4,180 àti 4,200, ó sì kọ orúkọ tiwa síwájú rẹ̀: "Èmi àti Màámi, pẹ̀lú òwú."