Báwo ni kíláàsì wa ní Àgbádárìgì ṣe lè bá kíláàsì kan ní Bahia kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀?

Olùkọ́ Àgbádárìgì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ilé-ìwé kan ní Àgbádárìgì, àwọn ọmọ náà sì jẹ́ 48. Ó ti tó oṣù méjì tí olùkọ́ kan ní ìlú Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ti ń kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ kí kíláàsì òun àti tèmi jọ ṣe iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣàlàyé pé òfin 10.639 ti ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan fún wọn láti máa kọ́ ìtàn Áfíríkà àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú Bràsíìlì ní ilé-ìwé, òun kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ inú ìwé nìkan ni àwọn ọmọ òun yóò ti máa pàdé wa. Inú mi dùn gidigidi. Àwọn ọmọ wa mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, wọ́n sì mọ ọ̀nà omi tí ó lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ òkun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì sọ fún wọn bí ayé ṣe rí fún àwọn tí ọkọ̀ náà gbé lọ lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni ilé-ìwé wa ní, fóònù tèmi ni mo fi ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, iná mànàmáná kò sì ṣeé gbójú lé. Olùkọ́ Salvador fẹ́ kí a máa rí ara wa nínú fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n gbà? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo ni ẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Olùkọ́, Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ti fídíò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ilé-ìwé kan lókè òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi múra, àwọn ọmọ lọ aṣọ wọn kalẹ̀, nígbà tí ọjọ́ sì pé, àwòrán dúró gbagidi kí a tó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn ń já, ọmọ mẹ́ta péré ni ó sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó dùn mí títí di òní, nítorí pé àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rò pé àwọn ni kò gbọ́n tó.

Láti ìgbà náà, ohùn tí a gbà sílẹ̀ àti àwòrán ni mo gbára lé. Mo máa ń pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á sọ tirẹ̀ sínú fóònù, wọn á tún un sọ bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, èmi á sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní alẹ́, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Kíláàsì kejì á gbọ́ ọ nígbà tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Dátà tí ó ń jẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fídíò, ọmọ tí ó ń tijú náà sì ń rí ààyè sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìpàdé ojúkojú sí ẹ̀ẹ̀mejì péré, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ojú ara wọn, ọ̀kan ní ìparí.

Ní ti àkókò, wákàtí mẹ́rin ni a fi ṣíwájú Salvador, kì í sì í yí padà, nítorí pé a kì í sún aago ní Nàìjíríà, Bràsíìlì náà sì ti pa á tì láti 2019. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ wọn ni aago méjìlá ọ̀sán wa. Oṣù kejì ni ọdún ilé-ìwé wọn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí ní oṣù Kejìlá, nítorí náà oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá ni mo rò pé yóò rọ̀ yín lọ́rùn jù lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí àwọn ọmọ yóò jọ ṣe. Bí ó bá jẹ́ “orúkọ mi ni báyìí, mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù” nìkan ni, yóò tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn iEARN, ẹgbẹ́ kan tí ó ń so àwọn ilé-ìwé káàkiri ayé pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1988 nípa síso àwọn ilé-ìwé Moscow àti New York pọ̀, ní ètò kan tí kíláàsì mẹ́fà sí mẹ́jọ máa ń wà nínú ọ̀wọ́ kan, tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan á gbé ìbéèrè tirẹ̀ kalẹ̀, tí àwọn yòókù á sì bá a wá ìdáhùn. Kíláàsì méjì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ Bahia léèrè nípa ọ̀tẹ̀ àwọn Malê, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, ní Salvador ní 1835, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn gbọ́ “ìmàle” nínú orúkọ náà. Ẹ bi wọ́n nípa acarajé, ìyẹn àkàrà tiwọn, tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń fi epo pupa dín lójú pópó, kí àwọn ọmọ yín náà gba ohùn ìyá alákàrà àdúgbò wọn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ìyá wa ti sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó fi ojú ọmọ kankan ránṣẹ́, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí rẹ̀, nítorí pé òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 láti dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni béèrè fún un, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ẹ tún máa kó gbogbo iṣẹ́ yín pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kásẹ̀ nílẹ̀ nígbàkigbà: Skype, ètò ìpè fídíò kan, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń so kíláàsì pọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti pa á dé ní oṣù karùn-ún 2025.

Ọmọ Ògù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ tí ó jẹ́ pé èdè Ògù ni wọ́n ń sọ nílé, torí wọ́n pọ̀ ní Àgbádárìgì. Ní Bahia, yàtọ̀ sí àwọn Nàgó tí ìran wọn jẹ́ ti Yorùbá, àwọn Jeje náà wà, tí èdè àwọn baba ńlá wọn bá Ògù tan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi èdè wọn sọ̀rọ̀ nínú ohùn tí ẹ ń gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì máa lo ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google láàárín Yorùbá àti èdè Pọtogí, ẹ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ yín dáadáa, nítorí pé ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà.

Olùkọ́ Àgbádárìgì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kọ̀wé sí olùkọ́ Salvador pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a óò rí ara wa, ó sì ti gbà. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, torí kíláàsì tirẹ̀ náà kò ní kọ̀ǹpútà tó. Ìwé ìyọ̀ǹda ti wà lọ́dọ̀ àwọn òbí. Lánàá ni mo ní kí àwọn ọmọ kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà ní ọjà kọ pé: “Ṣé ẹ̀yin náà máa ń bó èèpo ẹ̀wà kí ẹ tó lọ̀ ọ́?” Ìyẹn ni a óò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.