Àbọ̀ lórí ọmọ mi tí ojú rẹ̀ ń wú: ara ti ń yá

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọmọkùnrin mi tí mo kọ̀wé nípa rẹ̀, tí ojú ń wú láràárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi àgbo, kì í ṣe àtọ̀sí ajá bí ọ̀pọ̀ yín ṣe rò. Kíndìnrín ni.

Egbò tó yọ sí i lẹ́sẹ̀ lóṣù tó ṣáájú ló fà á. Dókítà ní èròjà tí ara fi bá kòkòrò streptococcus jà ló lọ há sínú asẹ́ wẹ́wẹ́ tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Asẹ́ yẹn wú, ẹ̀jẹ̀ wá ń jò sínú ìtọ̀, omi àti iyọ̀ dúró sára, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ga. Ìfúnpá yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Wọ́n fún un lóògùn tó ń mú un tọ̀, a sì dín iyọ̀ àti magí kù pátápátá. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa ń jin wọnú. Kò jin mọ́. Ìfúnpá ti wálẹ̀, C3, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò jà, tí àìsàn yìí mú kó lọ sílẹ̀, náà ti padà sípò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ṣì wà nínú ìtọ̀. Ó lè tó ọdún kan kó tó tán, nítorí náà a óò máa lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹni tó júwe àgbo fún mi ní Ìgbọ̀nà, ẹ ṣeun, n kò fún ọmọ náà mu. Kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kì í ṣe ohun tó yẹ ká máa dán nǹkan wò lára rẹ̀.

Ó ti padà sílé ìwé. Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé síbí.